Ta ló mọ Titus Canyon ní Death Valley? Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀

Ọmọ_Alákétu
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Las Vegas ní kí n wá lo vakáǹsì lọ́dọ̀ òun, físà ti bọ́ sí i, ọpẹ́ ni. Ibi tó wù mí láti dé kì í ṣe ìlú tó kún fún iná yẹn o, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Titus Canyon ni, nínú aṣálẹ̀ Death Valley, téèyàn máa gba àárín òkúta gíga méjì kọjá, tí ìlú àwọn awakùsà tó ti dahoro sì wà lójú ọ̀nà. Mo máa ń gun VTT mi, kẹ̀kẹ́ orí òkè, láti Kétu lọ sí Ìlàrà, kódà nínú ọyẹ́, torí náà oòrùn àti eruku ò dẹ́rù bà mí. Kìlómítà 43 ni mo rí kà, ìyẹn ò tó nǹkan lójú tèmi. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ kí n gùn ún sókè kí n tún yí padà? Ṣé èèyàn ń rí omi rà lọ́nà? Bó bá rẹ̀ mí ṣé mo lè sùn sí ìlú ahoro yẹn? Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó wò ó ní YouTube.

Bàbá_VTT (Ṣábẹ̀ẹ́)
Àbúrò, mo ti gun ọ̀nà yẹn nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Nevada. Gbàgbé ọ̀rọ̀ wíwọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà àlọ nìkan ni, kò sí àbọ̀, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Beatty lo ti máa yà wọ̀ ọ́ lórí títì 374, California lo máa já sí. Apá ìsàlẹ̀ pátápátá, láti títì dé ẹnu canyon, nìkan ni mọ́tò ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀. Bí o bá gùn ún lódì, tí o pàdé jíìpù níbi tó há, tí fífẹ̀ ẹ̀ ò tó mítà 6, ta ló máa yà fún ta?

Gbogbo èèyàn á máa sọ canyon, canyon, wọn ò ní sọ ohun tó wà ṣáájú ẹ̀. Tí o bá ti kúrò lórí ọ̀dà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ ni, lójú ó tẹ́ pẹrẹsẹ àmọ́ ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ á sì máa gbọ̀n ẹ́ títí ìka ọwọ́ ẹ á fi kú. Wàá gòkè, wàá sọ̀, wàá tún gòkè, kí o tó dé Red Pass, orí òkè tí ọ̀nà náà gbà kọjá, ìyẹn bíi kìlómítà 20 sí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, ó ga tó mítà 1,600. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ìtìjú. Láti orí ẹ̀ lọ, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù, bíréèkì ló wá ń ṣiṣẹ́, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ táyà ní kọ̀rọ̀, etí ọ̀nà ò sì ní ohunkóhun tó máa dá ẹ dúró. Ibi tí òkúta ti há mọ́ra tí o rí nínú fótò yẹn, ìparí ọ̀nà ló wà, ó ti máa rẹ̀ ẹ́ kí o tó débẹ̀.

Omi kò sí. Ìsun kan wà tí wọ́n ń pè ní Klare Spring, àwọn àgùntàn orí òkè ló ń mu ún, àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ àwòrán sára òkúta níbẹ̀, wò ó, má fọwọ́ kàn án. Àwọn alábòójútó páàkì ní kí ẹnì kan má mu omi tó dín ní lítà 4 lóòjọ́, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Kétu dé Ìlàrà, kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́ dáadáa o ti rí ìyá kan tó ń ta omi. Níbẹ̀ yẹn o lè má rí ẹnikẹ́ni. Nǹkan míì ni pé o ò ní rí òógùn lára ẹ, afẹ́fẹ́ á ti gbẹ ẹ́ kó tó ṣàn, iyọ̀ funfun nìkan lo máa rí lára ṣẹ́ẹ̀tì, wàá rò pé òùngbẹ ò gbẹ ọ́.

Sísùn? Wọn ò gbà kéèyàn sùn lójú ọ̀nà yẹn. Ilẹ̀ mọ́, o bọ́ sọ́nà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí o lọ, kì í ṣe ìgbà ooru. Ní Furnace Creek, àfonífojì yẹn náà ni, wọ́n wọn ooru tó tó 56.7°C ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1913.

Tántì_Alákàrà
Ẹ gbà mí! Kéèyàn rí físà Amẹ́ríkà kó wá lọ gun kẹ̀kẹ́ níbi tí omi ò sí. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ kú iṣẹ́ o.

Tísà_Àjàṣẹ́
Tántì, ẹ jẹ́ kó lọ jàre. Ìlú ahoro yẹn gan-an ló dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Leadfield lorúkọ ẹ̀, òjé ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ C. C. Julian, tó ti kọ́kọ́ ta ìpín epo rọ̀bì fáwọn ará Los Angeles tí owó wọn sì wọgbó, ló tún wá ń ta ìpín òjé. Ní oṣù kẹta ọdún 1926 ó gba odindi ọkọ̀ ojú irin, ó kó èèyàn tó lé ní 300 wá láti Los Angeles, ó fún wọn lóúnjẹ nínú aṣálẹ̀, wọ́n sì rajà. Òjé wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ kò dára tó bó ṣe ń polówó ẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n la ọ̀nà tí o fẹ́ gùn yìí, kí ọkọ̀ lè máa kó ẹrù láti Beatty. Wọ́n ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1926, oṣù kìíní 1927 wọ́n ti tì í. Gáyímán, oníjìbìtì pọ́ńbélé ni Julian, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò ní. Ahéré onípáànù mélòó kan àti ihò kùsà ló kù.

Má wọ ihò yẹn o. Igi tó gbé e dúró ti jẹrà, ejò lè wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sì lè pa èèyàn. Má sì mú ohunkóhun, ì báà jẹ́ ìṣó tó ti dípẹtà, òfin páàkì ni.

Tí o bá sùn sí Beatty lọ́jọ́ tó ṣáájú, lọ wo Rhyolite nírọ̀lẹ́, kò jìnnà. Wúrà ni tiwọn, wọ́n rí i ní 1904, nígbà tó fi máa di 1907 iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì ti wà níbẹ̀, ọdún 1916 wọ́n gé e. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìgò bíi 50,000 kọ́ ní 1906, torí igi ìkọ́lé ṣọ̀wọ́n, ìgò ọtí ló sì pọ̀ nílẹ̀. Èmi ò bá lọ tìtorí ilé yẹn nìkan.

Titus tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀nà yẹn sì rèé, ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ kùsà tó gba ibẹ̀ lọ nígbà wúrà Rhyolite yẹn ni, omi tán lọ́wọ́ òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní òun ń lọ wá omi, kò padà wá.

Ọmọ_Alákétu
Ẹ ṣé gan-an, Tísà, ẹ̀yin náà Bàbá VTT. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ti wọ̀ mí létí. Òjò wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í rọ̀ níbẹ̀. Òun náà ló fẹ́ máa fi mọ́tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Bàbá_VTT (Ṣábẹ̀ẹ́)
Kì í pọ̀, àmọ́ tó bá rọ̀, òkúta ò mọ omi mu, ààrin canyon yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Ó lè rọ̀ lókè lọ́hùn-ún tí oòrùn ṣì ń ràn lórí ẹ. Ní oṣù kẹjọ 2023, òjò ìjì Hilary ba ọ̀nà jẹ́ débi pé wọ́n ti páàkì náà pa títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, Titus Canyon ṣì wà ní títìpa lẹ́yìn ìyẹn. Lọ wo sáìtì páàkì kí o tó kúrò ní Las Vegas, kí o tún wò ó ní Beatty láàárọ̀. Tí o bá rí ìkúukùu lórí òkè, má wọlé.

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ, tí mọ́tò ẹ̀ ò bá ga nílẹ̀, kó má tẹ̀ lé ẹ. Kó já ẹ sílẹ̀ níbi tí o ti máa yà kúrò ní títì, kó gba títì Daylight Pass yípo, kó lọ dúró dè ẹ́ ní ẹnu canyon pẹ̀lú omi àti oúnjẹ, torí láti ibẹ̀ dé Stovepipe Wells tí ṣọ́ọ̀bù wà ju kìlómítà 30 lọ. Rézò fóònù ò sí, kí ẹ dá aago kí ẹ tó pínyà, tó bá kọjá aago yẹn tí kò rí ẹ, kó lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì, kó má wọlé wá ẹ fúnra ẹ̀.

Táyà VTT ẹ yẹn ńkọ́, ṣé ó fẹ̀? Gbé fótò ẹ̀ síbí ká wò ó.