Wọ́n fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ omi ìlú wa: kí ni kí n sọ fún PUC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ omi àti iná ní Pennsylvania?

Ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Pennsylvania, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìlú kékeré tí à ń gbé fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ omi rẹ̀ fún aládàáni ńlá kan. Òfin Act 12 ti ọdún 2016 ni wọ́n fẹ́ lò: adíyelé méjì, ti olùtà àti ti olùrà, ni yóò díye lé e, láìwo iye tí wọ́n fi kọ́ ọ. Orí owó omi wa ni olùrà ti máa gba owó tó fi rà á padà. (Ta ni ì bá tún san án?) Oṣù 6 péré ni PUC ní láti fi dájọ́.

Ká sòótọ́, páìpù wa ti gbó, omi pupa ló máa ń kọ́kọ́ yọ láàárọ̀, torí náà mi ò bú àwọn tó ní kí wọ́n tà á.

Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Office of Consumer Advocate tó ń gbèjà oníbàárà, àbí kí n kọ àtakò fúnra mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ PUC rí, kí lẹ sọ tí wọ́n fi dá yín lóhùn?