Àbọ̀ lórí gìgísẹ̀ tó ń dùn mí: ohun tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó kù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè nípa gìgísẹ̀ tó máa ń dùn mí bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láàárọ̀. Dókítà ní plantar fasciitis ni: iṣan pẹlẹbẹ tó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka, ló ń yọ mí lẹ́nu.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni nínà tí ẹ ní kí n máa nà án. Kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rárá, màá gbé e lé orúnkún kejì, màá fa àwọn ọmọ ìka sẹ́yìn títí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi le, màá ka ení dé ẹ̀wá kí n tó tú u sílẹ̀, màá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo tún ń fọwọ́ ti ògiri láti na ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Kò yá o! Oṣù mélòó kan ló gbà, ó sì máa ń sú mi.

Ike omi dídì tí mo ń fi ẹsẹ̀ yí nílẹ̀ ń tù mí lára, àmọ́ kì í pẹ́ tí ìrora fi ń padà. Tìmùtìmù inú bàtà ṣe díẹ̀, pàápàá nígbà tí mo pa sálúbàtà pẹlẹbẹ tì. N kò gba abẹ́rẹ́ steroid tí ẹnì kan dárúkọ: ó lè dín ìrora kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan náà lè tìtorí rẹ̀ já.

Eegun ṣóńṣó tí X-ray fi hàn ní gìgísẹ̀ mi kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí kò dùn wọ́n.

Bí mo bá dúró pẹ́, ó ṣì máa ń ta mí díẹ̀ lálẹ́, nítorí náà mi ò tíì padà sí eré sísá. Ẹ ṣeun gan-an.