Èmi tí mo fẹ́ ṣe é tán lọ́jọ́ kan

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè nípa awọ tó ń so rọ̀ lẹ́yìn téèyàn bá ti fọn, ẹ gbọ́ tèmi.

Kílò 138 ni mí kí wọ́n tó dín àpòlúkù mi kù ní London níbí. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, mo ti di 76. Inú mi dùn, àfi ti awọ yìí. Tí ooru bá mú, abẹ́ ikùn mi á bó, á máa yún mi, bí mo tiẹ̀ da páúdà sí i. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé e sókè kí n tó lè wọ pátá.

NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábà sanwó láti gé irú awọ yìí, nítorí náà mo tu owó jọ. Mo ní kí dókítà gé awọ tó rọ̀ ní ikùn, ọyàn, apá àti itan pa pọ̀. Ó bi mí pé tóun bá gé awọ apá àti ti itan lọ́jọ́ kan náà, kí ni mo fẹ́ fi ti ara mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò sì bá mi nùdí? Ẹnu mi wọhò. Ó ní béèyàn bá ṣe pẹ́ tó lábẹ́ oògùn oorun ni ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ṣe ń pọ̀ tó.

Ó tún ní kí ìwọ̀n mi dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà ná. Ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, purotéènì náà ò tó, ọgbẹ́ ò sì ní jiná bẹ́ẹ̀. Òkèlè àmàlà mẹ́ta ti ń yó mi nígbà yẹn, ni mo bá ń kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ẹyin kí n tó fọwọ́ kan òkèlè.

Ikùn yípo dé ẹ̀yìn ló ṣáájú. Rọ́bà méjì ń fa omi ọgbẹ́ sínú ìgò kékeré tí mo so mọ́ abẹ́ bùbá, mo sì ń tẹ̀ rìn bí ìyá arúgbó. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, apá àti ọyàn. Itan ló kẹ́yìn, òun ló sì dà mí láàmú jù: ojú ọgbẹ́ já lápá òkè, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dí. Àpá ọgbẹ́ máa ń wú lára mi, mi ò sì sọ fún dókítà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá wo apá ọ̀tún mi báyìí!

Ẹnì kan fèsì pé:
— Àǹtí, ẹ kú ewu. Èmi ò ní sùúrù yín. Mo ṣe ikùn l'Ékòó nígbà tí mo ṣì ń fọn lọ, kílò mọ́kànlá tún lọ lẹ́yìn náà, awọ tún rọ̀. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mò ń wá kiri báyìí.