Mọ́mì kan, ọmọ mẹ́ta: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ táàsì yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, mò ń kàwé fún ìdánwò Enrolled Agent (ẹni tó láṣẹ láti ṣojú èèyàn nídìí ọ̀rọ̀ táàsì) ti IRS, àjọ táàsì Amẹ́ríkà, apá kìíní tó jẹ́ ti táàsì ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 100 ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ibi dependent yìí, ìyẹn ẹni téèyàn ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ tó sì lè kọ mọ́ táàsì ara ẹ̀, ló ń fún mi ní wàhálà jù.

Ti mọ́mì tó wà n'Íbàdàn yé mi. Tí wọn ò bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọn ò sì ní green card, kò séèyàn tó lè kọ wọ́n mọ́ táàsì ẹ̀, bó ti wù kó máa fowó ránṣẹ́ tó. Ó máa ń dun àwọn èèyàn wa gan-an.

Ìbéèrè ìdánrawò tó dà mí láàmú rèé: mọ́mì ti ní green card, wọn ò níṣẹ́, ọ̀dọ̀ àkọ́bí ni wọ́n ń gbé, ọmọ mẹ́ta ló jọ ń gbọ́ bùkátà wọn, 40, 35 àti 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé àwọn yòókù lè fọwọ́ sí i kí àkọ́bí lo Form 2120 kó fi kọ mọ́mì mọ́ táàsì ẹ̀. Mo wá ní Head of Household (ipò táàsì fún ẹni tí kò lọ́kọ tàbí aya tó ń gbọ́ bùkátà ilé) ni àkọ́bí, torí òun nìkan ló ń san rẹ́ǹtì, kò sì níyàwó, àmọ́ ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní mo ṣì í. Ní 2024, $21,900 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó téèyàn máa san táàsì lé lórí fún ìyẹn, ti single (ẹni tó dá wà) $14,600, owó ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń tọ́jú ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Form 2120 ò sọ àkọ́bí di Head of Household? Báwo lẹ sì ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà?