Ṣé ọjọ́ orí ọkọ̀ ogun ojú omi tó láti fi ṣírò bí irin rẹ̀ ti jẹ tó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwádìí tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn níbí dá lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ ogun ojú omi tó ti gbó wọ ibùdó àtúnṣe. Ẹ mú ọkọ̀ tó dàgbà tó NNS Thunder, tí Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọdún 1968 kí ó tó di tiwa ní ọdún 2011. Mo ní kí ìpẹtà máa jẹ mìlímítà 0.1 lọ́dún, mo fi ọjọ́ orí ọkọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, àbọ̀ tó fún mi sì ni pé irin ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ẹnjiníà Mọ́níyà: Ọjọ́ tí wọ́n kan ọkọ̀ kọ́ ni ìpẹtà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀dà bó ni. Ẹ wo òrùlé páànù ní Bẹẹrẹ: ibi tí ìṣó gbà wọlé àti ibi tí páànù méjì ti gorí ara wọn ni ó ń kọ́kọ́ pọ́n. Inú táńkì omi tí ọkọ̀ fi ń dúró déédéé náà máa ń ṣáájú, nítorí pé bí omi iyọ̀ ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ pín ọkọ̀ náà sí ẹkùn-ẹkùn. Ìgbà tí ọ̀dà ẹkùn kọ̀ọ̀kan yóò bó kì í ṣe iye kan ṣoṣo. Ìtànká Weibull, ìlànà ìṣirò tó ń fi hàn bí ìgbà tí nǹkan máa bàjẹ́ ṣe ń yàtọ̀ síra, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún un. Lẹ́yìn náà ìpẹtà a yára, a sì tún dẹwọ́, torí pé èépá rẹ̀ ń dí ọ́síjìn lọ́nà. Ẹ bèèrè ìwé àtúnṣe pẹ̀lú, nítorí irin tí wọ́n pààrọ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kì í ṣe irin ọdún 1968 mọ́.

Wẹ́dà Ìwó Road: Ẹnjiníà, ìpẹtà nìkan kọ́ ni ó ń pa irin o. Ṣásí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti jó o ni ó sábà máa ń sán, kódà bí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣì ń dán.

Ẹnjiníà Mọ́níyà: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Bí kòtò ojú pópó ṣe ń gbá ọkọ̀ akẹ́rù ni ìgbì ń gbá ọkọ̀ ojú omi, iye ìgbà tó sì ti gbá ọkọ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe ọdún. Nínú òfin Paris, ìlànà tí a fi ń ṣírò bí ojú sísán ṣe ń gùn, bí ipá tó ń fa irin bá di ìlọ́po méjì, ojú sísán náà lè máa gùn ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ara irin tí ìpẹtà ti mú fẹ́lẹ́ ni ipá yìí sì ti ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má ya ìṣirò méjèèjì. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró wọn sísanra irin, ẹ fi iye tuntun náà tún ti àtijọ́ ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yẹ̀ wò ni: wọ́n kọ sísanra irin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.