Ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ sára ògiri ilẹ̀ wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilẹ̀ ìdílé wa kan wà ní Ìkòròdú tí ògiri rẹ̀ kò tíì parí. Gbogbo ayé ń gbà á kọjá, àwọn kan tilẹ̀ ti ń wú ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀. A fẹ́ kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀, Yorùbá ni màmá wa sì fẹ́.

Mo ti ro "wọlé láìgbàṣẹ". Ó yéni, àmọ́ ó dún bí ọ̀rọ̀ ìjọba. "Já wọlé" le jù: olè ló ń já wọlé, àti àwọn ajagungbalẹ̀ tí òfin Èkó ti ọdún 2016 ń lépa. Òde àríyá ni "mo gbọ́ mo yà" wà fún. Èyí tó wù mí jù ni "wọlé láì kágò", torí ẹni tó bá ké "àgò onílé o", tó sì dúró títí wọ́n fi dá a lóhùn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ òfìfo, ta ni yóò dá a lóhùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè lo "kágò" fún ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.