Àbọ̀ lórí ọ̀pá ìbọn tó ń mì: ó ti dúró báyìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ohun tí mo béèrè ni pé ọ̀pá ìbọn Ruger 10/22 Takedown mi, irú ìbọn tí à ń tú sí méjì, ti ń mì, ọta kò sì balẹ̀ síbì kan náà mọ́ tí mo bá ti tú u, tí mo sì tún un tò.

Òrùka ìdí ọ̀pá, èyí tí à ń yí láti mú ìsopọ̀ rẹ̀ le, ni ìdáhùn. Mo yọ gbogbo ọta, mo fa bọ́ọ̀tì (irin tó ń ti ọta wọ inú ọ̀pá) sẹ́yìn, mo yẹ inú rẹ̀ wò pé ó ṣófo, kí n tó tú u. Mo wá dẹ òrùka náà pátápátá, mo ki ọ̀pá bọlé, mo yí i títí ó fi kọ́, mo sì fi ọwọ́ lásán fún òrùka náà le. Ẹ má fi pílásì kàn án o! Mo tún tú u, mo tò ó padà, mo fún un díẹ̀ sí i. Ó dúró gbọn-in.

Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ nu ibi tí irin méjèèjì ti pàdé ṣe mí lóore gan-an. Èérí ẹ̀tù tó bá há síbẹ̀ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé òrùka ti le. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ mú kí títú rọrùn, kò dín mímì kù.

Awò tí à ń fi wo ibi tí à ń yìnbọn sí, tó wà lórí ara ìbọn, ló ṣì ń yà díẹ̀ lẹ́yìn títò. Ìfojúsùn onírin kò yà ní tirẹ̀, torí pé tiwájú tẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí ọ̀pá. Nítorí náà, mo máa ń kọ́kọ́ yìnbọn sí pátákó kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé awò. Ẹ ṣeun.